Rúlà Tó Dúró Lójú Kan

Lọ́jọ́ tí mo pé oṣù mẹ́ta nílé ìtẹ̀wé kan ni ọ̀gá wa obìnrin máa sọ bóyá kí n dúró tàbí kí n máa lọ sílé. Ìyá mi sì ti fi mí yangàn káàkiri àdúgbò.

Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì là ń ṣe. Iṣẹ́ ti wá kan àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọn ò wọ́pọ̀ lẹ́nu èèyàn, tí ọ̀nà méjì wà láti kọ wọ́n, tí méjèèjì sì tọ̀nà, irú bíi gibe àti jibe, tó túmọ̀ sí kéèyàn fi ẹlòmíì ṣẹ̀sín. Ojú nìkan ò tó irú iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan á máa pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síta látinú ìwé àfọwọ́kọ, ẹnì kejì á máa sún rúlà tẹ̀ lé e lórí bébà tí wọ́n tẹ̀. Tí ojú ìwé bá parí, ẹni tó mú rúlà á fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Olóhùn ló ń kà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi. Tó bá ti pe lẹ́tà bíì, ètè rẹ̀ á rọra pàdé, ọkàn mi á yọ́. Lójú ìwé keje lọ́jọ́ náà, ètè yẹn ni mò ń wò. Ìgbà tí mo fi padà sílé ayé, ó ti kà á tán. Mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ọ̀gá kó àwọn bébà náà wọ yàrá rẹ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò, mo ju rúlà sílẹ̀. Mo sáré lọ bá Olóhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ojú ìwé keje. Ẹ jẹ́ n lọ jẹ́wọ́.”

Ó fa bébà kan yọ lábẹ́ apá. “Ojú ìwé keje nìyí, mo ti yọ ọ́. Rúlà ẹ ò kúrò lójú kan bí mo ṣe ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wò ẹ́.”

Ó ti sọ fún ọ̀gá pé òun ló sáré kà á, pé a máa tún un ṣe. Mo mí kanlẹ̀, bí ẹni sọ àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀.

A tún un kà lóòótọ́. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo sì rí àṣìṣe méjì. Nígbà tí mo gbé e wọlé, ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó wá ní kí n ra rúlà tèmi wá lọ́jọ́ Ajé, torí ẹni tó bá dúró síbí kì í yá tilé iṣẹ́ lò mọ́.

Olóhùn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Èyí tó ń rìn ni kó o rà o,” ló wí, ó sì bá mi gbé báàgì mi.