Má ni, àbí Máa?

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹran tí kò lóhùn kì í dá ìjà sílẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti sin ehoro rí. Nínú ilé aránṣọ kan báyìí, ehoro kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Etídúdú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, bẹ́ẹ̀ kò lanu sọ nǹkan kan.

Etídúdú ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ọ̀kan tó yè nínú wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó yọjú sínú àpótí tó bímọ sí, òórùn ló sì pàdé wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, orí wáyà ìsàlẹ̀ àgò ni wọ́n ti bá àwọn ọmọ náà, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, gbogbo wọn ti tutù. Aránṣọ sunkún lọ́jọ́ náà títí omi ojú rẹ̀ fi kán sórí aṣọ oníbàárà.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó kan àgò náà fúnra rẹ̀, kò sunkún ní tirẹ̀.

"Ìyàwó mi, gbọ́ dáadáa," ó wí. "Ẹni tó bí lẹ́ẹ̀mejì tí kò tọ́ ọ̀kan, ìkòkò ló kàn. Bí ẹ̀kẹta bá tún kú, alápatà ló máa wá mú un. Mo ti bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ ti bá alápatà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá mi sọ?"

"Ṣebí ìwọ ni mò ń bá sọ yìí."

Háà, àwọn ọkùnrin! Kò mọ̀ pé ehoro yẹn kì í ṣe ẹran lásán lójú ìyàwó òun. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, ló fún un. Ọdún mẹ́jọ ni Tíṣà fi sin ehoro lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, tó ní láti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn, ó ta gbogbo wọn, ó ku Etídúdú. Ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Èyí ló kẹ́yìn nínú ìran wọn. Má jẹ́ kó parẹ́." Ṣé irú ìyẹn lèèyàn ń gbé fún alápatà?

Nígbà tí oyún kẹta pé oṣù kan, Etídúdú bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín tu irun àyà ara rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ sínú àpótí, sórí koríko gbígbẹ àti èérún pákó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nǹkan kan ń mì lábẹ́ irun náà. Ó ti bí!

Aránṣọ dúró síwájú àgò, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ohun tí gbogbo àdúgbò gbà ni pé bí ọwọ́ èèyàn bá kan ọmọ ehoro pẹ́nrẹ́n, ìyá rẹ̀ á kọ̀ ọ́, tàbí kó tilẹ̀ pa á jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi yọjú wo àwọn ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn kò fọwọ́ kàn náà kú. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Tíṣà pé Etídúdú ti bímọ o, kí ni kí òun ṣe? Kò pẹ́ tí èsì fi dé sórí fóònù:

"Ma yoju wo won laraaro. Ma fowo kan won. Eyi to ba jabo, ma gbe e pada. Bo o ba se bi mo ti wi, won a ye."

Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Tíṣà yìí kan náà, èdè Yorùbá ló fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ilé-ìwé! Ọmọ tó bá gbàgbé àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀, ogún ìgbà ló máa kọ ọ̀rọ̀ náà, tá á sì máa fi dò, re, mí kọ ọ́ lórin. Àbúrò rẹ̀ gan-an jẹ nínú ìyà yẹn. Àmọ́ lórí fóònù, ojú Tíṣà kò ríran dé ibi tí àmì wà.

Káfíńtà gba fóònù, ó kà á sókè ketekete. "Má yọjú wò wọ́n láràárọ̀. Má fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó bá já bọ́, má gbé e padà." Ó dá a padà. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní ká jìnnà sí wọn."

Aránṣọ kà á ní tirẹ̀. "Máa yọjú wò wọ́n láràárọ̀. Máa fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó bá já bọ́, máa gbé e padà."

"Níbo lo ti rí máa?"

"Níbi tí ẹ ti rí má."

Wọ́n pe Tíṣà, ìpè kò wọlé. Wọ́n tún un pè, kò wọlé. Mí ni má, mí-re ni máa. Nítorí re kan péré, tọkọtaya kò bára wọn sọ̀rọ̀ dọ̀sán.

Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rù kò jẹ́ kí aránṣọ ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó rán apá aṣọ kan mọ́ ọrùn, ó ní láti tú u. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bó ti gbé koríko dé ìdí àgò, ó rí ọmọ kan lórí wáyà. Kò ju àtàǹpàkò lọ, ó pupa, kò ní irun kankan lára. Ó jọ pé ó rọ̀ mọ́ ọmú nígbà tí ìyá rẹ̀ fò jáde nínú àpótí, ló bá já bọ́ síbẹ̀. Ehoro kò sì mọ bí a ti ń fẹnu gbé ọmọ bí ológbò. Etídúdú jókòó tì í, ó ń jẹun lọ bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò ni. Ọmọ náà la ẹnu díẹ̀, ó sì pa á dé.

Aránṣọ fa fóònù yọ, ó pe Tíṣà. Kò wọlé.

"Má fọwọ́ kàn án o!" Káfíńtà ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ti òun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. "Bó o bá fọwọ́ kan ìyẹn, á kọ àwọn tó kù!"

Ohun tó ń ba aránṣọ lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bó bá ṣe pé òun ló ṣi ọ̀rọ̀ yẹn kà, gbogbo wọn ló máa lọ, alápatà á dé, ìran Etídúdú á sì parẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n ní ojú ló ń rójú ṣàánú, eléyìí kò tíì lajú rárá, síbẹ̀ àánú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin yìí.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó wí. Ó ki ọwọ́ bọ àgò, ó gbé ọmọ náà, ó tì í bọ àyà, lábẹ́ aṣọ. Ó tutù bí irin àlùmọ́gàjí.

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò wa ẹ̀rọ, kò mira. Oníbàárà kan wọlé wá gba aṣọ rẹ̀.

"Màdáámú, kí ló ń mì láyà yín?"

"Ọkàn mi ni."

Oníbàárà náà gba aṣọ, ó tètè jáde.

Nígbà tí ọmọ náà ta ẹsẹ̀ mọ́ ọn lára, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó yèè. Ó fi ọwọ́ ra ara Etídúdú kí ọwọ́ náà lè gba òórùn rẹ̀, ó sì gbé ọmọ padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ọ̀kan ti kú sí ìsàlẹ̀. Ó gbé e kúrò kó tó ba àwọn yòókù jẹ́. Ikùn àwọn mẹ́fà yó rìbìtì. Ta ló sọ pé Etídúdú kì í tọ́mọ? Ní ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, aránṣọ fojú ara rẹ̀ rí i: ìyá fò sínú àpótí, ó fún gbogbo wọn lọ́mú, títí kan èyí tó já bọ́, ó sì fò jáde. Kò pẹ́ ju kéèyàn rán bọ́tìnnì kan lọ, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kó tún tó wọlé. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Kò kọ ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà, aránṣọ ń fọwọ́ kàn wọ́n láràárọ̀. Kò tún pe Tíṣà mọ́. Ká má parọ́, èsì ló ń bẹ̀rù. Káfíńtà ń dúró de ìgbà tí Etídúdú máa kọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dọ́gbọ́n bèèrè pé, "Mélòó ni wọ́n?" Ní ọjọ́ keje, ìyàwó rẹ̀ bá a tó tẹrí bọnú àgò.

"Ìṣó ni mò ń wò," ó wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, oníṣòó."

Àwọn ọmọ hurun, wọ́n lajú. Ní ọjọ́ kejìlá, Tíṣà dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Aránṣọ kúnlẹ̀ kí i, ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì gbé àpótí jáde síwájú rẹ̀. Tíṣà tẹ̀ ba, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà.

"Méje! Èmi ò rí méje yè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí! Mo ní kó o má fọwọ́ kàn wọ́n, o gbọ́ràn, ìwọ náà wá wo èrè ìgbọ́ràn."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú.

"Ẹ̀gbọ́n," aránṣọ wí, "ẹ dákun, má ni, àbí máa?"

"Má! Mí! Kí ló tún lè jẹ́?"

Aránṣọ tún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ ò fi àmì sí i. Àràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó já bọ́, àyà mi ni mo fi sí títí ara rẹ̀ fi gbóná." Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó káfíńtà.

"Ọdún mẹ́jọ," ó wí. "Gbogbo èyí tó bá já bọ́, mo máa ń dúró tì í, màá ká ọwọ́ sẹ́yìn títí á fi kú. Mo rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ wọra. Kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun sunkún níṣojú àna rẹ̀. Ó fa ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ yọ, ó nà án sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì, ìgbà mélòó là ń kọ ọ́?"

Tíṣà wo ṣọ́ọ̀kì, ó wo àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di ńlá. "Ogún ìgbà," ó wí.

Ó kọ ọ́ sára àpótí àwọn ọmọ ehoro náà gàdàgbà-gàdàgbà, tàmì-tàmì: Máa fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àbúrò rẹ̀ fi mẹ́tàdínlógún tó kù jì í. Ó di ọwọ́ arúgbó náà mú, ó sì tì í bọnú àpótí, síbi tí èyí tó já bọ́ wà. Ọmọ náà gbóòórùn ìka rẹ̀, ó gùn ún lọ́wọ́, ó sì jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Tíṣà kò mira.

"Ó gbóná," ó wí. "Àbúrò mi, ó gbóná."