Ìsanra Mummy Jessica

Elkanah fẹ́ràn kí wọ́n máa yin ara ìyàwó rẹ̀. Lọ́dún 2004 yẹn, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkòsì kì í sọ pé, "Mummy Jessica mà ti sanra o. Daddy, ẹ ń tọ́jú wọn." Ọ̀gbẹ́ni á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n.

Ẹ má bínú sí i. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin tí Fúnmilọ́lá, ìyàwó rẹ̀ yìí, bí ti kú lọ́jọ́ tó bí i, ẹ̀rù ń ba ọkọ rẹ̀ pé ìbànújẹ́ á gbẹ ẹ́ dànù. Ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́, rírù ló máa ń rù, bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bó ṣe wá ń rí i tó ń sanra, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Páálí mọ́ọ̀tì ló ń rà wálé, nítorí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ní mọ́ọ̀tì ń fún ni lẹ́jẹ̀. Pé obìnrin náà kì í fẹ́ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, pé ó ń jẹ búrẹ́dì láti àárọ̀ dalẹ́, pé òùngbẹ kì í dá lọ́fun rẹ̀, Elkanah ò kà á sí. Ó ní ó ń sinmi ni.

Ó sinmi títí ó fi dákú nílé ìdáná.

Nílé ìwòsàn kan ní Kétu, Dókítà Judith yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti wọra. Dókítà wá béèrè bóyá inú Fúnmilọ́lá máa ń dùn. Elkanah ló dáhùn.

"Ó ń gbádùn, Dókítà. Ẹ ṣáà wo ara ẹ̀."

"Ìyàwó yín ni mò ń bi, sà."

Fúnmilọ́lá ń wolẹ̀. "Mò ń jẹun kí n lè sùn ni. Tí mo bá ti sùn, mi ò ní máa rò ó. Tílẹ̀ bá tún mọ́, ó máa ń dùn mí pé mo jí."

Ọ̀rọ̀ yẹn já Elkanah láyà ju àtọ̀gbẹ lọ.

"Ìbànújẹ́ yín àti ṣúgà yìí jọ ń rìn ni," Dókítà wí. "Ọ̀kan ń ti èkejì. Méjèèjì la máa tọ́jú. Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ ọmọ náà?"

"Kò sẹ́nì kankan, ma. Wọ́n ní kí n gbàgbé ẹ̀ kí òmíràn lè wá. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí i."

"Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò" ti dé ẹnu Elkanah, bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ó gbé e mì. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Mo gbé e," ló wí. "Kí wọ́n tó gbé e lọ, mo gbé e díẹ̀."

Fúnmilọ́lá gbójú sókè. "Daddy Jessica, ta ló jọ?"

"Ìwọ ni. Imú rẹ gan-an ló gbé wá."

Ó bú sẹ́kún. Elkanah ò sọ pé kó dákẹ́. Òun náà ti ń sunkún.