Màmá Ló Ń Kọ́kọ́ Wọ Àpò

Nígbà náà, Màmá Rebecca, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣì wà láyé. Òun ló kó àwọn obìnrin Ìdó-Ilé jọ láti máa tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á fi ìwọ̀n kòkó kọ́ igi máńgòrò, wọ́n á gbé ọmọ sínú àpò rẹ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń rù.

Àyúbà, ọmọ Simiat, ń rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

“Ohun tí a bá fẹ́ tà la ń wọ̀n, Màmá. Ọmọ mi kì í ṣe kòkó.”

“Ó dáa, ìyàwó, kí wọ́n kọ́kọ́ ta èmi. Ta ni yóò ra egungun?”

Màmá jókòó sínú àpò. Simiat rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbé ọmọ fún wọn láti wọ̀n.

Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń se ògì tí a po sóyà mọ́ fún ọmọ. Láti ọjọ́ náà, Màmá ló ń kọ́kọ́ wọ àpò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Àyúbà ń wúwo sí i, Màmá ń fúyẹ́.

“Màmá, ẹ ń gbẹ o.”

“Ọmọ rẹ ni kí o máa wò, jàre.”

Ní Ọjọ́bọ̀ tí Màmá kú, abẹ́ igi ni wọ́n ti gbọ́. Bí wọ́n ti ń sunkún, ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn ọmọ wá rí àpò náà, ó ń fà sẹ́yìn. Simiat rí i. Ó gbé Àyúbà fún un, ó sì jókòó sínú àpò.