Ẹni Tó Wà Nísàlẹ̀ Àtẹ̀gùn

Ìlànà kan wà láàrin àwọn tó ń gbé gíláàsì ńlá. Kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ènìyàn méjì ní í gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti sọ pé, "Kalẹ̀," èkejì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bèèrè ìdí. Ìgbà tí gíláàsì bá fara balẹ̀ tán ni wọ́n tó ń bèèrè. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ń yọ̀, ó lè jẹ́ pé imú ló ń yún ẹni náà. Kò sẹ́ni tí í fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Bàbá kan wà tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì tíì jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó máa ń fi èyí yangàn. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti ń bá a gbé ẹ̀yìn láti ọdún mẹ́fà wá, a máa dá a lóhùn pé òun ló ń sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Ọ̀gá Mi ni bàbá ń pe ọmọ náà, nítorí pé àṣẹ rẹ̀ pọ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àyà bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò ṣe rí. Yóò wà jẹ́ẹ́, lójijì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Kò jọ ti ẹni tó sáré, nítorí pé ti ẹni tó sáré a máa lọ dọ́gba. Ségesège ni eléyìí ń lù: yóò yára, yóò dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń wá, yóò tún fò sókè. Bàbá kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru kọfí, ó sì pa kọfí tì. Kò lọ. Ó dì í ru àìsùn, ó sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò lọ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ rí i tó di ògiri mú nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fipá mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, lẹ ohun pélébé márùn-ún mọ́ ọn láyà, ó sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa ṣe àkọsílẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù fún odidi ọjọ́ kan. Ó tún fún un ní ìwé pélébé. Ìgbàkígbà tí àyà bá yí ìṣe padà, kí ó kọ aago tó lù àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ó ní kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti ń ṣe é. Ọmọ wà níta lásìkò yìí, bàbá sì ti sọ fún dókítà pé gígé nìkan lòun ń gé gíláàsì.

Ìrònú rẹ̀ kò ṣàì ní ọgbọ́n nínú. Bí dókítà bá mọ̀ pé ó ń gbé gíláàsì, yóò ní kó má gbé e mọ́. Bí kò bá gbé e mọ́, ọmọ rẹ̀ yóò wá ẹlòmíràn sí iwájú. Kí ni òun yóò wá jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀? Àlàyé náà gún régé, àfi pé kò ka ẹni tó wà lẹ́yìn kún un.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń gbé gíláàsì fèrèsé lọ sí òkè ilé ìkàwé kan. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àárín àtẹ̀gùn. Ojú rẹ̀ ṣú, ó wa eyín pọ̀, ó sì gun àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án tó kù. Nígbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, ó yà sí kọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ pé: "Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo jókòó."

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ ní òun kò dúró níta mọ́. Dókítà tẹ́ ìwé tó jáde láti inú ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pélébé náà, ó ní nǹkan kan kò yé òun. Ọkàn yìí kọ́kọ́ yára díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ṣe làálàá, lẹ́yìn náà ló dàrú, tó sì lù tó àádọ́sàn-án láàrin ìṣẹ́jú kan. Ṣé bàbá jókòó lóòótọ́?

Ọmọ fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó kà á.

"Aago mẹ́wàá kọjá ogún," ó ní. "Orí àtẹ̀gùn la wà, Bàbá. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀."

Bàbá ń wo àpá tó wà lára àwọn ìka rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé òun kò fẹ́ dẹ́rù bà á ni, ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, ó ti mọ̀ pé irọ́ ni.

"Ojú ló tì mí láti ní ká gbé e kalẹ̀."

"Ṣé ojú máa ń ti èmi náà ni, nígbà tí mo bá ń sọ ọ́?"

Bàbá gba bíróò, ó fa igi la ohun tó kọ, ó sì kọ òtítọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Dókítà fún un ní oògùn méjì, ọ̀kan láti tu ọkàn náà lójú, èkejì kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú rẹ̀. Ó kìlọ̀ pé nítorí èkejì yìí, bí gíláàsì bá gé e, ẹ̀jẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó dá. Kó má ṣe bọ́ ìbọ̀wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí àyà bá tún bẹ̀rẹ̀, kó jókòó, kó sì kọ ọ́. Bí òòyì bá kọ́ ọ tàbí bí àyà bá ń dùn ún, kí wọ́n gbé e wá kíá. Kò sì gbọdọ̀ gbé gíláàsì títí òun yóò fi tún rí i.

Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi, ló gba iwájú. Níbi iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, bàbá dúró nísàlẹ̀, ó ń ka àtẹ̀gùn fún wọn, ó sì ń sọ ibi tí wọn yóò ti yà.

"Bàbá ti di ọlọ́pàá ojú títì," káfíńtà wí. "Ṣé ẹ fọwọ́ sí i kí n yà sọ́tùn-ún?"

Ọmọ ní kó tọ́jú èémí rẹ̀ fún òkè.

Àtẹ̀gùn keje ni wọ́n wà nígbà tí àyà bàbá yí ìṣe padà. Kò sí gíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè dákẹ́, kó fi ọwọ́ di ògiri mú. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé, igun tó le jù sì wà níwájú.

"Kalẹ̀," ó ní.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí gíláàsì fara ti ògiri tán, ọmọ rẹ̀ wá bèèrè bó ti yẹ.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Àyà mi ni."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó sì mú ìwé jáde. Ó kọ ọ́ pé: "Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje. Mò ń ka àtẹ̀gùn fún ọmọ mi." Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Lókè, káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì di gíláàsì mú, kò sì sọ ohunkóhun.