Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà tí Hester Ò Sí Nílé

Lẹ́tà mẹ́ta ni Letitia Thorold kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì fà ya. Hester, ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn, ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé. Àsìkò yìí gan-an ni ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó yẹ kí àwọn máa rí ara àwọn. Sophia, ọmọ àbúrò ìyá Letitia, ti gba ilé sétí òkun ní Lyme, ó ní kí Letitia wá lo ọjọ́ mẹ́wàá. Edmund, ẹ̀gbọ́n Letitia, ní òun àti ìyàwó òun máa kọ́kọ́ wá kí Màmá wọn, tí ara rẹ̀ ò yá, ní Ọjọ́bọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin òun á sì gbé Letitia lọ sí Lyme. Augusta, ìyàwó Edmund, tún kọ̀wé pé kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ mọ́, ó di Ọjọ́ Ajé.

Letitia dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Jókòó síbì kan," ni ìyá rẹ̀ wí. "Òòyì ti ń kọ́ mi."

Lọ́sàn-án ni Dorcas Pell dé, opó kan tó máa ń báni ṣiṣẹ́ nígbà tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ò bá sí nílé. Augusta ti lé e rí nítorí ẹnu rẹ̀.

"Ṣé o lè se oúnjẹ aláìsàn?" ni Letitia bi í.

"Mo lè sè é, mà. Mo lè fọṣọ, mo lè ka Bíbélì fún Màmá. Kí n dúró bí òpó lẹ́yìn àga ẹni tó ń jẹun ni n ò lè ṣe. Orúnkún ń dùn mí."

Ìyá Letitia rẹ́rìn-ín. "Gbà á. Ẹni tí Augusta bá lé, èmi ń fẹ́ ẹ."

Ọjọ́ kẹta, lẹ́tà Augusta mìíràn dé: òun fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, kí wọ́n fi ìbẹ̀wò náà sí oṣù tó ń bọ̀. Letitia mú kálàmù. Dorcas gbé tíì wọlé, ó sì dúró.

"Ta lẹ fẹ́ kọ̀wé sí, mà?"

"Sophia. N ò ní lè lọ mọ́. Kẹ̀kẹ́ ò sí."

"Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin akérò tó ń lọ sí Lyme máa kọjá níbi oríta láàárọ̀ ọ̀la."

"Èmi nìkan, láàárín èrò? Kí ni Edmund máa wí?"

"Ohun tó bá wù wọ́n. Lyme lẹ máa wà, ẹ ò ní gbọ́."

Letitia yíjú sí ìyá rẹ̀, ó rò pé yóò kọ̀.

"Ọdún mọ́kànlá lo ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ," ni ìyá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mú ìborùn mi tó nípọn dání. Atẹ́gùn òkun ò mọ ọmọ olówó."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Letitia fẹ́ yí padà lójú ọ̀nà. Àárín alápatà kan àti obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ adìyẹ lé itan ló jókòó sí nínú kẹ̀kẹ́ náà, ó di ìborùn ìyá rẹ̀ mú títí wọ́n fi gun òkè, tó rí òkun.

Edmund gbọ́, ó fi ìbínú kọ lẹ́tà gígùn ránṣẹ́ sí Lyme. Letitia kà á dé ìdajì, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ rìn létí omi. Dípò ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló lò.

Nígbà tó padà dé, oòrùn ti mú ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀ síbẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Dorcas fi bá Letitia lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bi ẹni tó ń pín lẹ́tà léèrè ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ akérò máa ń lọ sí ìlú Bath.