Ilẹ̀ Tí A Kò Gbin Obì Sí

Àdá ń dún nínú oko iṣu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti la ọ̀nà ààlà gba àárín ebè Sàídì kọjá, wọ́n sì ti ri òpó sìmẹ́ǹtì kan mọ́lẹ̀ níbi tí iṣu rẹ̀ gbé ń ta jù. Ìyàndá dúró, ó ń wò wọ́n. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti fún Sàídì, ọmọ Ìwó, láti máa dáko níbẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú òmìnira ni. Ọláníyan, akọ̀wé ilẹ̀ tó ti Ìbàdàn wá, ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, igbó ìjọba ló máa jẹ́, pẹ̀lú ọgbà tí àwọn èèyàn á ti máa gbafẹ́. Òfin fún iléeṣẹ́ wa lágbára láti gba ilẹ̀, láti fi yáni, àti láti tà á."

"Láti tà á? Bàbá mi tó ni ín kò tà á. Ìwọ tó dé lánàá lo fẹ́ tà á."

"Kì í ṣe èmi, Bàbá. Òfin ni."

"Mú òfin náà wá, kó wá bá mi sọ̀rọ̀."

Ní òdìkejì odò, ọ̀nà tí wọ́n là yà. Ó gba ẹ̀yìn oko Àwáwù kọjá, opó tó gbin obì kún ilẹ̀ ọkọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ yà fún un?" Ìyàndá bèèrè.

"Igi rẹ̀ ń so. Oko tí obì bá ti tó ogún igi níbẹ̀, a kì í fọwọ́ kàn án."

Àwáwù gbọ́ lábẹ́ igi rẹ̀. Ó ké sí Ìyàndá: "Bàbá Ràṣídì, wọ́n ní iṣu kì í ṣe igi o!"

Ọláníyan kọjú sí Sàídì, tó dúró lẹ́yìn Ìyàndá. "Ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ ò gbin igi kan ṣoṣo?"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Sàídì ti bẹ Ìyàndá kó jẹ́ kí òun gbin obì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ̀. Àlejò tó bá gbin igi, ọmọ rẹ̀ á di onílẹ̀ lọ́la. Igi gànganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ́dún kan, Sàídì rọra gbin ọgbọ̀n obì sáàárín ebè. Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló fà wọ́n tu, lọ́kọ̀ọ̀kan. Sàídì dúró tì í.

Sàídì wo Ìyàndá báyìí. Ó yíjú sí akọ̀wé.

"Ọ̀lẹ ni mí, ọ̀gá."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?" Ọláníyan bèèrè.

Ìyàndá gbọ́ tí ẹnu òun dáhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pa ìwé dé.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, Sàídì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Ìyàndá lè ṣáájú, bó ṣe máa ń ṣe.

"Níbo lo máa dáko lámọ́dún?"

"Ọlọ́run ló mọ̀, Bàbá. Ẹ máa lọ níwájú."

Ìyàndá kò kúrò lójú kan. "Ìwọ ni kó o ṣáájú."

Sàídì lọ́ tìkọ̀, ó wá kọjá. Ìyàndá tẹ̀ lé e. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣáájú ọkùnrin yìí délé. Kò mọ̀ pé ẹ̀yìn Sàídì ti tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ọrùn ọkọ́.