Sátidé Tí Ambrose Wà Níbi Méjì

Ènìyàn kan kì í wà l'Esie kó tún wà l'Ọ̀mù-Àrán lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ìwé ní Ambrose ṣe é. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1998, rẹ́jísítà àwọn tó ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò owó sọ pé ó jókòó sí kíláàsì l'Ọ̀mù-Àrán láti aago mẹ́wàá títí di aago kan. Aago mẹ́wàá ọjọ́ yẹn gan-an, Ambrose wà ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Esie, ó dúró ti pósí ìyá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Àkọ́bí ló máa ń kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sórí pósí, bí wọn ò bá sì rí i, gbogbo ẹbí ló máa dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ náà ò dà bí nǹkan kan nígbà náà. Alẹ́ tó ṣáájú ìsìnkú ló ránṣẹ́ sí Barnabas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ olórí kíláàsì, pé kó bá òun wo ti ìwé yẹn o. Barnabas wò ó. Ó kọ orúkọ Ambrose mọ́ àwọn tó wá, ó pa rẹ́jísítà dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni yunifásítì wọn, Òkè-Àgbède, lẹ òfin ìdánwò mọ́ pátákó ní ẹ̀ka tó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ l'Ọ̀mù-Àrán. Ambrose fẹ́ràn òfin bí ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ràn ayò. Bó bá ti rí òfin báyìí, ibi tó gbà jáde ló máa ń kọ́kọ́ wá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ àṣewá gba ogójì máàkì, ìdánwò gba ọgọ́ta, ẹni tí kò bá sì gba ọgbọ̀n nínú ọgọ́ta yẹn ti kùnà, ì báà ti kó gbogbo ogójì. Èyí ò bà á lẹ́rù. Ẹni tí kò bá wá sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo kíláàsì kò ní jókòó ìdánwò. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sí rẹ́jísítà lọ́jọ́ tí kò wá yóò dúró sílé fún ọdún méjì. Ọdún mẹ́rin péré lẹnikẹ́ni sì ní láti fi parí ẹ̀kọ́ náà.

Ọdún kẹrin Ambrose nìyí. Bí kò bá jókòó ìdánwò oṣù kejìlá yìí, gbogbo Sátidé tó ti fi gun ọ̀kadà láti Esie, gbogbo ẹ̀ tán nìyẹn.

Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀gá kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti yẹ gbogbo rẹ́jísítà wò kí wọ́n tó pín káàdì ìdánwò.

Ambrose mú bírò. Kíláàsì méjìlá ni wọ́n ṣe, mẹ́sàn-án ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Òun pa mẹ́ta jẹ nígbà tó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, ó pa ìkẹrin jẹ lọ́jọ́ ìsìnkú. Mẹ́jọ ló kù. Orúkọ tí Barnabas kọ ló sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ó wá rántí pé Dókítà Kolo, olùkọ́ wọn, ọmọ ìlú Share, náà wá síbi ìsìnkú. Iwájú ló jókòó, ó jẹ iyán, ìrọ̀lẹ́ ló tó padà lọ fọwọ́ sí rẹ́jísítà pé òun kọ́ wọn. Bí olùkọ́ ò bá sí níbẹ̀, kíláàsì ò wáyé nìyẹn, ó di mọ́kànlá. Inú Ambrose dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó ṣírò rẹ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mọ́kànlá jẹ́ mẹ́jọ àti ìdámẹ́rin. Ìdámẹ́rin kíláàsì kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó bọ́. Kí kíláàsì tó di mọ́kànlá pàápàá, ó gbọ́dọ̀ fẹjọ́ ẹni tó wá bá a sin ìyá rẹ̀ sùn.

Ó sọ fún Barnabas. Barnabas ní kó dákẹ́, pé bó bá lanu, àwọn méjèèjì ni yóò jìn sí kòtò.

"Ta ló máa mọ̀, Ambrose? Àbí òkú ló máa jẹ́rìí?"

Òkú náà sì ti ń jẹ́rìí. Kàlẹ́ńdà ọdún 1999 ni wọ́n pín fún àwọn èrò níbi ìsìnkú. Ó ní fọ́tò ìyá Ambrose, Àjọkẹ́, lójú, déètì ìsìnkú lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, orúkọ Ambrose, àkọ́bí, ló sì ṣáájú orúkọ àwọn ọmọ. Àǹtí Rhoda, akọ̀wé ẹ̀ka náà, ọmọ Esie ni. Orí ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ló gbé tiẹ̀ kọ́, gbangba lókè tábìlì tí rẹ́jísítà máa ń wà. Ambrose fúnra rẹ̀ ló fún un.

Ó tọ Dókítà Kolo lọ. Ọkùnrin náà ti ń múra wọn sílẹ̀ láti oṣù kan: kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi èyí tó rọrùn ṣíwájú, kí wọ́n pín ìṣẹ́jú bí máàkì bá ṣe pọ̀ sí. Gbogbo ìgbà ló ń tún un sọ pé kí wọ́n máa fi ọ̀nà tí wọ́n gbà hàn, nítorí máàkì wà fún ọ̀nà kódà bí ìdáhùn bá kùnà. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ambrose, ṣé kì í ṣe torí ọ̀fọ̀ rẹ ni mo ṣe pa kíláàsì jẹ? Lọ yọ kàlẹ́ńdà yẹn."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ambrose gun àga ní ọ́fíìsì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó nígbà tí Àǹtí Rhoda wọlé, tó bi í pé kí ló fẹ́ fi Màmá ṣe. Ó ní òun fẹ́ lọ fi wọ́n sí férémù. Ojú obìnrin náà rọ̀.

"O ṣé o. Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

Ó bá a nu eruku ara rẹ̀, ó ká a fún un. Ambrose há ìyá rẹ̀ mọ́ abíyá, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà náà ni ọ̀gá tó wá yẹ̀wé wò gbà wọlé, Alhájì Ràímì, bàbá arúgbó kan tó ní fìlà funfun, Dókítà Kolo ń tẹ̀ lé e. Bàbá náà wo orí Ambrose tí wọ́n fá. Ó dúró.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ta lẹ pàdánù?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ìgbà wo lẹ sin wọ́n?"

Ohun tí gbogbo èèyàn ń bi ọlọ́fọ̀ ni. Kò sí ìdẹkùn kankan nínú rẹ̀. Ambrose ṣírò rẹ̀ kíá: ó lè pe Jímọ̀, ó lè pe Sọ́ńdè, gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún ló ṣí sílẹ̀ fún un àfi ọ̀kan. Dókítà Kolo tẹjú mọ́lẹ̀. Kàlẹ́ńdà náà ń gbóná lábẹ́ apá rẹ̀. Bó bá pe ọjọ́ mìíràn, yẹ̀pẹ̀ tó kọ́kọ́ bù ńkọ́, ọwọ́ ta ló ti bọ́?

"Sátidé ni, sà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá."

Alhájì ṣàdúrà fún òkú, ó jókòó, ó ṣí rẹ́jísítà. Nígbà tó dé ojú ìwé yẹn, kò ṣí èyí tó kàn mọ́. Ó béèrè orúkọ Ambrose, ó fi ìka wá a lójú ìwé náà, ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́ síbí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Àǹtí Rhoda gbé ọwọ́ lé ẹnu. Dókítà Kolo sún mọ́ tábìlì. Ó ní òun náà wà níbi ìsìnkú, pé ìfọwọ́sí ìsàlẹ̀ ìwé yẹn kì í ṣe òótọ́.

Wọ́n kọ lẹ́tà ìbáwí fún Dókítà. Barnabas gba ìkìlọ̀, wọ́n sì fún un ní káàdì, nítorí Ambrose kò yéé tún un sọ pé òun ló ránṣẹ́ sí i. Ọdún méjì ni wọ́n ní kí Ambrose dúró, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin rẹ̀ ti pé. Ó ṣírò èyí náà títí. Kò rí ibi tó gbà jáde.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó wá sí Ọ̀mù-Àrán síbẹ̀. Ó gbé kàlẹ́ńdà padà sórí ìṣó, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì Àǹtí Rhoda, ó mú ìbéèrè ọdún tó kọjá jáde, ó wo aago. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ka ìbéèrè kìíní lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọ̀nà tó gbà hàn, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni pé ẹnìkan máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.